Kápúsù Mẹ́rin Kò Lè Wo Àrùn Ìtọ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀ àti ta ni àlejò tí a ti sọ títí. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á sì ti fẹ́ ṣí ojú ewé kejì. Ẹ fara balẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwa tí wọ́n ń pè ní aṣáájú bá ń tijú láti sọ ọ́, ìtìjú náà ló máa sin àwọn èèyàn wa lọ sí sàréè.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta aṣọ ní agbègbè Terminus. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ kíyè sí i pé ìtọ̀ ń gbóná òun, tó ń lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà ṣùgbọ́n tí ohun tó ń jáde kò ju ìkán mélòó kan lọ, kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti dàgbà. Ó rán ọmọ kékeré kan sí kẹ́mísìtì àdúgbò pé kó gba oògùn ìtọ̀ gbígbóná wá. Kápúsù mẹ́rin ni wọ́n dì sínú bébà fún ọmọ náà. Ìyá yìí lo méjì lálẹ́, ó lo méjì láàárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara tù ú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gba ọjà lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó tún dé. Ó tún ra kápúsù, aláwọ̀ mìíràn ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tún rọlẹ̀. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, inú ọyẹ́ ni. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ń dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bì. Àwọn kan nínú ilé ní òtútù Jos ni, àwọn kan ní ibà ni. Ìgbà tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́ ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò tí wọ́n bá níbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo kápúsù tó ti ń rà tó lè pa á. Abẹ́rẹ́ olówó gọbọi ló kù, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹgbẹ́ wa dá owó, àwọn ọmọ rẹ̀ dá owó, ṣùgbọ́n owó ọjà rẹ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Ó yè, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń lọ kó aṣọ láti Èkó tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń gba aṣọ láwìn tà.

Kí ni àrùn yìí gan-an? Kòkòrò tó sábà máa ń fà á ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní E. coli. Inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, kì í sì í sábà ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tó bá ṣìnà láti ìdí bọ́ sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wàhálà máa ń dé. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin sì tó nǹkan bíi 20. Ìdí nìyẹn tí àrùn yìí fi ń yọ obìnrin lẹ́nu ju ọkùnrin lọ. Kòkòrò náà á wọ inú àpò ìtọ̀, bí a kò bá sì tètè mú un, ó lè gòkè dé kíndìnrín, kó ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lóyún, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti àwọn bàbá wa tí próstéètì wọn ti wú tí ìtọ̀ kì í lè jáde tán, àwọn ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀ jù.

Àṣìṣe méjì wà tí a máa ń ṣe nípa àrùn yìí. Èkíní, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń sọ pé inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó o, wọ́n á máa bá onílé àti ayálégbé bíi tiwọn jà. Kì í ṣe orí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ti wá. Láti inú ara wa ló ti máa ń wá. Èkejì ló burú jù: bí ìtọ̀ bá ti ń gbóná èèyàn, ohun tí Yorùbá máa kọ́kọ́ rò ni àtọ̀sí. Bẹ́ẹ̀, àtọ̀sí jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ti tú ilé ká. Ìyàwó á bẹ̀rù pé ọkọ òun á ní òun ń rìn ìrìnkurìn. Ọkọ á bẹ̀rù pé ìyàwó òun á bi òun léèrè ibi tí òun lọ. Nítorí náà, oníkálùkù á yọ́ lọ sí kẹ́mísìtì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìtìjú ló ń ta kápúsù mẹ́rin yẹn, kì í ṣe kẹ́mísìtì nìkan.

Ní tiwa, ohun tí kápúsù mẹ́rin yẹn ń ṣe ni a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Oògùn apakòkòrò àrùn, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní àǹtíbáyọ́tíìkì, kì í dédé mọ kòkòrò tí a rán an sí. Bí a bá gbé e mì, gbogbo kòkòrò inú ara wa ló máa kàn, títí kan àwọn tó ń gbé jẹ́jẹ́ nínú ìfun. Èyí tó bá rọ̀ á kú. Èyí tó bá le á kù, òun ló sì máa bí sí i. Ó dà bí oko tí a ro ní ìdajì, koríko tó le ló máa gba gbogbo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò yìí kì í bímọ bí èèyàn. Bí ibi tó wà bá tù ú lára, ọ̀kan máa ń di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láàárín wákàtí 7, ọ̀kan ṣoṣo lè di èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2. Ó tún ní ìwà kan tó burú ju bíbí lọ. Kòkòrò tó ti mọ bí a ṣe ń sá fún oògùn lè fi ọgbọ́n náà lé kòkòrò mìíràn lọ́wọ́, tí kì í tilẹ̀ ṣe irú tirẹ̀. Bí kòkòrò tí apá oògùn kò ká mọ́ ṣe ń pọ̀ nìyẹn.

Kò sì ní dúró lára ẹni tó gbé oògùn mì. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, omi kànga tí ó wà nítòsí ṣáláńgá, ẹ̀fọ́ tí a fi omi ìdọ̀tí rin, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà rìn. Ìyá tó ń ṣe oúnjẹ fún ilé lè gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò lo oògùn kankan rí lè ní in nínú ìfun rẹ̀. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn baba wa kò ro ọ̀rọ̀ oògùn nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bani, kó wo ohun tí wọ́n rí nílé, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìyáàfin Iruka Okeke, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n báyìí ní yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Adebayo Lamikanra àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan, yẹ E. coli 758 wò, tí wọ́n gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé kì í ṣe aláìsàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń lọ sí kíláàsì. Ní 1986, kòkòrò tí apá tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin kò ká wà láàárín 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bí oògùn kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Nígbà tó di 1998, ó ti di 56 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 12 péré! Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Tetracycline inú rẹ̀ yẹn ni kápúsù pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, tí a ń lò fún inú rírun, tí a ń lò fún egbò, tí àwọn kan tilẹ̀ ń tú dà sójú ọgbẹ́.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Alexander Fleming, òyìnbó tó ṣàwárí penicillin ní ọdún 1928, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀, ó fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Ọkùnrin náà ra penicillin fúnra rẹ̀, ó lò ó díẹ̀, kò tó láti pa kòkòrò ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó kó o ran ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ìyàwó wá le, penicillin kò ṣiṣẹ́ mọ́, obìnrin náà sì kú. Fleming ní ọkọ ló jẹ̀bi ikú yẹn. Ní ọdún 1945! Ó ti ń bá wa wí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet sọ pé ní ọdún 2019 nìkan, kòkòrò tí apá oògùn kò ká pa èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ní àgbáyé, àti pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni ikú náà ti pọ̀ jù tí a bá fi iye èèyàn wọ̀n ọ́n. Ìjọba Nàìjíríà náà ti mọ̀. Wọ́n ṣe ètò kan tó lọ láti 2017 dé 2022 lórí rẹ̀, nígbà tó sì di 2024, Nàìjíríà ni wọ́n yàn láti gba àlejò ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2026. Ìpàdé dára. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́mísìtì àdúgbò wa láago mẹ́jọ alẹ́. Àwa la wà níbẹ̀.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà ní ilé ìwòsàn ni? Ẹ ó ní, ta ló máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ tí a bá lọ tò? Òótọ́ ni. Àwa náà ń tà, àwa náà ń rà, a mọ ohun tí ọjọ́ kan láìtà ń ṣe fún ilé. Ohun mìíràn sì wà tí ẹni tí kò gbé Jos kò lè mọ̀. Ní ọdún 2001, ní 2008, ní 2010, nígbà tí ìjà dé tí wọ́n kéde kónílé-gbélé, tí a kò lè gba àdúgbò kan kọjá sí òmíràn, kẹ́mísìtì ẹnu ọ̀nà nìkan ni ilé ìwòsàn tí a ní. Wọ́n ran ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ lásìkò yẹn, a kò sì lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe nítorí ogun, kò yẹ kó di àṣà nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo owó náà dáadáa. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ra kápúsù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wólẹ̀. Ó dà bí ẹni pé kò náwó, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ì bá ti sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tí apá rẹ̀ ká a. Gbogbo owó abẹ́rẹ́ yẹn ì bá wà nínú ọjà.

Báwo ni àyẹ̀wò náà ṣe rí? Kò le. Wọ́n á fún yín ní ike kékeré tó mọ́. Ẹ ó kọ́kọ́ fọ ojú ara, ẹ ó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ẹ ó fi ike gba ti àárín. Ẹ tètè gbé e fún wọn, ẹ má ṣe gbé e kiri inú ọjà. Wọ́n á fi díẹ̀ sínú àwo kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, wọ́n á sì fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò láti mọ èyí tó ń pa á. Ó máa ń gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí èsì tó jáde, dókítà lè fún yín ní oògùn tó rò pé ó yẹ, kó sì yí i padà bí èsì bá sọ ohun mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ padà lọ gba èsì. Ọ̀pọ̀ wa kì í padà lọ tí ara bá ti tù wá. Ohun pàtàkì kan tún ni pé kí ẹ gbé ìtọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì, torí oògùn tó ti wọ ara lè jẹ́ kí kòkòrò sá pa mọ́ fún ẹni tó ń wá a. Ilé ìwòsàn yunifásítì, JUTH, wà ní Lamingo, Bingham tí gbogbo wa mọ̀ sí Jankwano wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. A kò gbé ní aginjù.

A ní láti sọ ọ̀kan sí i fún ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá ọmọkùnrin tó ń lọ wẹ̀ nínú àwọn adágún omi tí iṣẹ́ ìwakùsà fi sílẹ̀ káàkiri orí òkè yìí, ẹ má ra kápúsù fún un. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àtọ̀sí ajá ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Aràn ló ń fà á, tó ń ti ara ìgbín inú omi jáde, tó sì ń gba ara awọ wọlé. Oògùn tirẹ̀ ń jẹ́ praziquantel, kò sí kápúsù pupa tàbí dúdú tó lè wò ó. Láti 1999 ni Carter Center, àjọ tí ààrẹ Amẹ́ríkà àná, Jimmy Carter, dá sílẹ̀, ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Plateau àti Nasarawa láti fún àwọn èèyàn ní oògùn yìí. Bí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ má fi ọmọ pa mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ẹ gbọ́ tiyín náà. Ampiclox kì í dá oyún dúró. Àwọn tó ń gbé e mì lẹ́yìn tí wọ́n bá bá ọkùnrin pàdé, bóyá pẹ̀lú Andrews, ara wọn ni wọ́n ń tàn. Oyún á dúró, kòkòrò inú ara wọn á sì ti kọ́ ọgbọ́n.

Ó wá ku àwọn tó ni kẹ́mísìtì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A máa ń jókòó pọ̀ ní ìpàdé, a máa ń jẹun pọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Òfin kò gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré láyè láti máa fọ́n oògùn apakòkòrò fún ẹni tó bá ti mú owó wá. Ìwé dókítà ló yẹ kó wà níbẹ̀. A mọ̀ pé bí ẹ bá kọ̀, oníbàárà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Nítorí náà la fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pàdé, kí gbogbo yín jọ fẹnu kò. Bí ẹnì kan bá wá fún ìtọ̀ gbígbóná, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bó bá mú ìwé dé, ẹ ta gbogbo iye tí dókítà kọ fún un, ẹ má gé páálí sí méjì. Ẹ má gbé oògùn sínú oòrùn, ẹ má sì ra èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. A kò tíì gbàgbé ohun tí olóògbé Dora Akunyili fi ojú rí láti 2001 dé 2008 nígbà tí wọ́n ń gbógun ti ayédèrú oògùn. Oògùn tí agbára rẹ̀ kò pé kò yàtọ̀ sí kápúsù mẹ́rin.

Ẹ̀yin olóko adìyẹ náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Oògùn kan náà tí a ń lò fún èèyàn ni ọ̀pọ̀ ń dà sínú omi adìyẹ tí ara rẹ̀ le, kó lè tètè tóbi. Ìwà yẹn ń tọ́ kòkòrò dàgbà. Ibùdó ìwádìí àìsàn ẹran tí ó ti wà ní Vom láti 1924 kò jìnnà sí wa. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ kí ẹ tó da oògùn sómi.

Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ẹ máa mu omi. Òtútù Jos máa ń jẹ́ ká gbàgbé omi, ó di tíì àti kókó nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin 140 tí àrùn ìtọ̀ ń ṣe léraléra, tí wọn kì í sì í mu omi púpọ̀, àwọn tó fi lítà kan ààbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní in bíi lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, nígbà tí àwọn tí kò fi kún un ní in ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Omi lásán, ẹ̀yin èèyàn wa! Ẹ má máa mú ìtọ̀ mọ́ra nítorí oníbàárà. Ẹ̀yin obìnrin, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ máa nu ìdí, ẹ lọ tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá bá ọkọ yín sùn, ẹ má sì fi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ líle fọ inú ara. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ má fo ọjọ́ àyẹ̀wò yín, torí àrùn yìí lè wà lára yín láìṣe ìtọ̀ gbígbóná.

A kò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Nínú ẹgbẹ́ wa, a máa ń dáwó fún aṣọ ẹbí, a máa ń dáwó fún ìsìnkú. Bí ẹnì kan bá kú, láàárín ọjọ́ kan ni owó máa pé. Kí ló dé tí a kì í dáwó kí ó tó kú? Àbá wa ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Jos, bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀fà títí dé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ya owó kékeré sọ́tọ̀ nínú owó oṣù fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹni tí kò bá ní. Kí ìyá kan àti bàbá kan tó ní ẹnu ìpamọ́ wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí nǹkan ń ṣe lè lọ bá láìsí pé ẹlòmíràn gbọ́. Kí àwọn tó bá lè ṣe é wọ inú ètò ìlera alájọṣe ìpínlẹ̀ yìí, PLASCHEMA, kí àìsàn má máa bá wa lójijì. Kí àlùfáà àti pásítọ̀ wa fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ́ fún ìjọ.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Ilé àyẹ̀wò tó lè fi oògùn dán kòkòrò wò kò gbọdọ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńláńlá nìkan. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, ní owó tí mẹ̀kúnnù lè san. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a kúrò lẹ́nu ọ̀nà kẹ́mísìtì, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún wa. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ Yorùbá, kò mọ Birom, kò mọ Hausa, kò mọ Anaguta. Kànga kan náà ni gbogbo wa ń mu, ọjà kan náà la ń ná.

Àwọn bàbá wa dé ìlú yìí pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n tajà, wọ́n kọ́lé, wọ́n fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Iná ti jó wa, ìjà ti lé wa, a ṣì wà. Kò yẹ kó jẹ́ ìtìjú àti kápúsù mẹ́rin ni yóò ṣe ohun tí iná kò lè ṣe. Bí ìtọ̀ bá ń gbóná yín láti òní lọ, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ lo oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Terminus ní ká kí yín, ó ní kí ẹ má dúró di ẹ̀ẹ̀kẹta.